Omi Ọmú Inú Ìgò Kẹrin

Rùkáyàt gbé ojú kúrò lẹ́nu máíkírósíkópù, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú méjèèjì, ó sì tún wò ó. Ohun tó rí ò yí padà. Ọjọ́ kẹrìnlá rèé tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìgò kẹrin ti wà nínú jẹ́ẹ̀lì, ó sì yẹ kí inú wọn ti ṣófo. Inú wọn ò ṣófo. Wọ́n kún fọ́fọ́, àyè abẹ́rẹ́ ò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe fún yín, torí bí ẹ bá bi ìyá ọkọ rẹ̀ ní Muṣin, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé ìyàwó àwọn ń sin kòkòrò ní Yábàá. Irọ́ ni o. Kò sin kòkòrò kankan. Láàbù kan wà lókè ilé alájà méjì kan lẹ́yìn ọjà Sábó, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ọdún mẹ́fà. Omi ọmú àwọn abiyamọ ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí, tí wọ́n para pọ̀ di ara fún wa, wọ́n á sì máa tọ́ ọ dàgbà. Tẹ́lẹ̀, inú abọ́ pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tọ́ ọ sí, á kàn tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n ọmú ta ló tẹ́ bí ẹní? Dókítà Ọláìtán, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ní àwọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní inú jẹ́ẹ̀lì tó rọ̀ ni kí wọ́n máa fi wọ́n sí, kí wọ́n lè mọ òkè, kí wọ́n mọ ilẹ̀, kí wọ́n mọ ọ̀tún àti òsì.

Ìyanu ńlá ni. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn bá ti bára wọn nínú jẹ́ẹ̀lì, ńṣe ni wọ́n máa ń rántí ibi tí wọ́n ti wá. Wọ́n á ṣù jọ róbótó róbótó, wọ́n á to ara wọn yíká, wọ́n á kọjú sínú, wọ́n á kọ̀yìn síta, wọ́n á sì dá yàrá kan sí àárín, bí yàrá kéékèèké tí omi ọmú máa ń sun sí nínú ọyàn gan-an. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹwàá, ẹni tó bá wò ó á rí i bí òrùka. Ọjọ́ tí Rùkáyàt kọ́kọ́ rí i, ó pariwo "Sùbùhánàllàhí!" tí gbogbo láàbù fi sáré wá wò ó pé kí ló dé.

Ìgò mẹ́fà ni wọ́n ń tọ́ lọ́wọ́ lásìkò yìí, abiyamọ mẹ́fà ló ni wọ́n. Márùn-ún nínú wọn ti di òrùka. Ìkẹrin nìkan ló ṣù gbagidi bẹ́ẹ̀, tó tún wá ń na ọwọ́ wọnú jẹ́ẹ̀lì kiri bí ẹni ń wá ohun tó máa jí. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ mọ ohun tó jọ. Jẹjẹrẹ ló jọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́kọ́ dá orúkọ náà.

Ohun tó sì wá ń já Rùkáyàt láyà ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ó mọ ẹni tó ni ìgò kẹrin. Kò yẹ kó mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìgò, inú dúrọ́ọ̀ Dókítà ni ìwé orúkọ wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ń bẹ lọ́rùn Dókítà. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò kẹrin wá láti ilé ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ Mujeebah, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ti gbà á.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kò rọrùn láti rí abiyamọ tó máa fún yín lómi ọmú ní Èkó yìí? Wọ́n á ní ẹ fẹ́ fi ṣe nǹkan ni. Ìgò márùn-ún péré ni wọ́n ti rí, Dókítà sì ń wá ẹ̀kẹfà lójú méjèèjì. Òfin kan tó ṣe ni pé òṣìṣẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ mú ti ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wá, kí ojú àánú má baà ba iṣẹ́ jẹ́. Rùkáyàt ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Dókítà ò sọ̀rọ̀ àna. Àna kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Báyìí ló ṣe mú ìgò òfìfo lọ sílé wọn ní Muṣin ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun. Àgbàlá ilé ọkọ rẹ̀ ló ti bá gbogbo wọn. Àláájà, ìyá ọkọ rẹ̀, jókòó sórí àga wọn níwájú ilé. Mujeebah gbé ọmọ rẹ̀ Àmínù, ọmọ oṣù márùn-ún, lé ẹsẹ̀. Ọkọ Mujeebah ń ṣiṣẹ́ lókè Ọya lọ́hùn-ún, ló jẹ́ kó wá bímọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àmúdàtù náà wà níbẹ̀. Àmúdàtù yìí, àbúrò Rùkáyàt ni, ọmọ ìyá kan náà. Télọ̀ ni ní Sùúrùlérè. Jímọ̀ Jímọ̀ ló máa ń kó aṣọ tó bá rán wá fún Àláájà, òun àti Mujeebah sì ti di kòríkòsùn. Òun náà ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọbìnrin oṣù méje.

Ọdún méje ni Rùkáyàt fi ju Mujeebah lọ, ṣùgbọ́n Mujeebah ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé Rùkáyàt wọlé, ọkọ ló jẹ́ sí i. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti délé, kò fi orúkọ pè é rí. Ìbàdíàrán ló sọ ọ́.

"Ìbàdíàrán mi, ọkọ mi àtàtà," ó ní, ó na ìgò sí i, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí o. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé mo ti rí èèyàn."

Mujeebah gba ìgò, ó yí i lọ́wọ́. "Èyí ò tó nǹkan, Ìyàwó wa. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

"Àǹtí mi, tèmi ńkọ́?" Àmúdàtù ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ń fi ọmọ rẹ̀ ṣeré. "Tèmi tó ń tú yàà bí omi ẹ̀rọ, tó ń ba búláòsì mi jẹ́?"

"Tìẹ ò wúlò," ni Rùkáyàt fi dá a lóhùn. "Ìyá kan ló bí wa. Òfin ò gbà á."

"Yéè! Òfin yín mà le o. Wọ́n lé omi ọmú mi níta gbangba!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àláájà ní, "Ẹ̀yin ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Ìyá mi fún ọmọ mẹ́sàn-án lọ́mú, èmi fún méje. Ọmú tiwa kì í gbẹ." Mujeebah wọ yàrá lọ, Àmúdàtù tẹ̀lé e pé kí òun bá a gbé ọmọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìgò jáde, ó kún, ó gbóná lọ́wọ́. Rùkáyàt fi í sáàárín yìnyín, ó sì fayọ̀ gbé e lọ sí Yábàá. Ìgò náà ni wọ́n fún ní nọ́ńbà kẹrin, torí ti abiyamọ kan tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́.

Ìgò kẹrin yìí náà ni Dókítà Ọláìtán wá dojú kọ báyìí. Ó wò ó, ó wò ó.

"Kì í ṣe àyẹ̀wò àìsàn là ń ṣe níbí, Rùkáyàt," ó ní nígbẹ̀yìn. "Sẹ́ẹ̀lì máa ń ya ìyàkuyà nínú jẹ́ẹ̀lì. Ó lè jẹ́ pé jẹ́ẹ̀lì ló gbóná. Ó lè jẹ́ ọwọ́ wa. Mú èyí tó kù nínú èyí tá a fi pamọ́ sínú yìnyín, kó o tún un ṣe."

"Bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Màá gbé e lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ òfin iṣẹ́ wa. Àwọn ló lè sọ pé ká ṣí orúkọ. Ìparí oṣù ni wọ́n máa ń jókòó." Ó yíjú sí i. "O mọ̀ pé mi ò lè bi ọ́ léèrè pé ṣé o mọ ẹni náà."

Rùkáyàt padà sídìí iṣẹ́. Ó tún un ṣe. Ó di gbogbo nǹkan sínú yìnyín kí jẹ́ẹ̀lì má baà gbóná, ó fara balẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́bí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ìṣù ló tún rí, ìṣù tí ò nínú, tó ń na ọwọ́. Bó bá ti délé tó rí Mujeebah tó ń gbé Àmínù jó, omi á lé ròrò sójú rẹ̀. Ìparí oṣù ṣì ku ọjọ́ méjìlá. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ló máa wo ilé ẹnì kejì tó ń jó, tó máa ní kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ jókòó ná?

Ó pe Mujeebah wọ yàrá ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kì í ṣe pé ó ti dá òun lójú o, ó ní òun ò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kó lọ ya fọ́tò ọmú ní ilé ìwòsàn, kó lọ lọ́la òde yìí.

Ojú Mujeebah yí padà. Lẹ́yìn náà ló béèrè ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí Rùkáyàt gbọ́ ju bó ṣe gbọ́ ọ lọ.

"Ṣé inú ìgò yẹn gan-an ló wà? Ṣé ẹni tó bá ni omi ọmú inú rẹ̀ ló ní àìsàn náà?"

"Ẹ má bẹ̀rù, Ìbàdíàrán mi. Wọ́n ń wò ó sàn bí wọ́n bá tètè rí i."

Ó rò pé ẹ̀rù ló ń ba ọmọ ọlọ́mọ. Àláájà sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò rí ariwo! Wọ́n ní ṣé ohun tí òun sọ kọ́ nìyẹn, pé ibi tí wọ́n ti ń sin kòkòrò ni wọ́n gbé omi ọmú ọmọ òun lọ. Wọ́n ní ara ọmọ òun le koko kó tó di pé ìyàwó kan bá ìgò dé. Tìrìmísíyù, ọkọ Rùkáyàt, ń sọ pé "Ẹ ṣe sùúrù, Màmá," ó tún ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé "Ṣe sùúrù fún wọn," títí tí kò fi sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń bẹ̀.

Mujeebah lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n tẹ ọmú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n yà á ní fọ́tò. Kò sí nǹkan kan. Dókítà ibẹ̀ ní ọmú tó mọ́ tónítóní ni, pé ṣé wọ́n kàn fẹ́ dẹ́rù bà á ni.

Ilé yẹn wá gbóná mọ́ Rùkáyàt. Àláájà ò jẹ oúnjẹ tó bá sè mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, Tìrìmísíyù ni wọ́n ń rán sí i. Mujeebah náà ò jẹ́ kí ojú àwọn méjèèjì pàdé. Bí Rùkáyàt bá gba iwájú wọlé, òun á gba ẹ̀yìn jáde. Rùkáyàt gbà pé ìyà tó tọ́ sí òun ni. Inú rẹ̀ dùn pé ara ọmọ ilé ọkọ òun le, ó sọ "Àlhàmúdùlílàhí" láti ìsàlẹ̀ ọkàn. Ṣùgbọ́n ní láàbù, ìṣù wọ̀nyẹn ń wò ó. Wọ́n ti inú ara ẹnì kan wá. Ó ka gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ láti orí ìgò dé orí abọ́. Ìgò kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀, wọn ò pàdé ara wọn rí. Ọwọ́ rẹ̀ ò sì ṣàṣìṣe.

"Gba omi ọmú tuntun lọ́wọ́ ẹni yẹn," ni Dókítà Ọláìtán wí nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn fọ́tò. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé Rùkáyàt ti tú àṣírí, ó ti bá a wí, ó sì ti fi í sílẹ̀. "Bí tuntun bá di òrùka, a ó mọ̀ pé àwa la ṣìṣe."

Ó di dandan kó padà lọ bẹ̀bẹ̀. Ọ̀sán ni, Àláájà ti lọ sí mọ́sálásí. Mujeebah ń ká aṣọ ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Rùkáyàt kúnlẹ̀, ó gbé ìgò tuntun sílẹ̀.

"Ẹ fún un síbí lójú mi, Ìbàdíàrán. Ẹ̀kán mélòó kan péré. Kí ọkàn mi lè balẹ̀ pé èmi ni mo ṣìṣe."

Mujeebah wo ìgò náà. Ó tú búláòsì rẹ̀, ó mú ọmú ọ̀tún, ó fún un. Ó mú tòsì, ó fún un títí tó fi ń dùn ún. Kò sí ohun tó jáde. Ló bá bú sẹ́kún.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, Ìyàwó wa. Láti ìgbà tí Àmínù ti pé oṣù méjì ni ò ti sí nǹkan níbẹ̀."

Ó fa báàgì ńlá kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí i. Agolo mílíìkì ọmọdé ló kún abẹ́ aṣọ. Nígbà tí gbogbo ilé bá sùn tàbí tí wọ́n bá jáde ló máa ń pò ó fún ọmọ. Tó bá sì ti di Jímọ̀, Àmúdàtù á ti ilẹ̀kùn, á fún Àmínù lọ́mú yó.

"Ta ló fún ìgò yẹn?" Rùkáyàt béèrè, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ̀.

"Àmúdàtù ni." Mujeebah wó sílẹ̀ lórí orúnkún, ọkọ ń kúnlẹ̀ fún ìyàwó, èèwọ̀ ńlá, Rùkáyàt ò sì lágbára láti gbé e dìde. "Ẹ ní kí n má dójú tì yín. Màmá jókòó síta, wọ́n ń sọ pé ọmú àwa kì í gbẹ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá ìgò òfìfo padà fún yín? Mo bẹ Àmúdàtù, ó ní kí ló wà níbẹ̀, omi ọmú ṣáà ni omi ọmú. Nígbà tí wọ́n ní kò sí nǹkan lára mi, mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rọ yín ló purọ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀rọ yín ló purọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí èèyàn wí sí eléyìí? Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó gbèrò ibi sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan ò fẹ́ dójú ti ìyàwó ilé, èkejì ń gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú, ìwà ọmọlúwàbí ni gbogbo rẹ̀. Àfi àìsàn nìkan ni ò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé Rùkáyàt dé Sùúrùlérè. Àmúdàtù wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọmọ rẹ̀ ń fi àjákù aṣọ ṣeré lórí ẹní.

"Àǹtí mi! Ṣé ẹ fẹ́ rán nǹkan ni?"

"Ọmú wo lo fún sínú ìgò Mujeebah?"

Ọwọ́ Àmúdàtù dúró lórí aṣọ. Kò gbọ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pe orúkọ yẹn rí. "Ó ti sọ fún yín? Ẹ má bínú, a ò rò pé..."

"Ọmú wo, Àmúdàtù?"

"Tòsì. Òun ló le gbagidi nígbà yẹn, mo ní kí n fún un dànù, bóyá á rọ̀. Ṣebí mo pè yín lórí fóònù. Ẹ ní wàrà ló dì, ẹ ní kí n máa fi omi gbóná tẹ̀ ẹ́."

Rùkáyàt rántí. Ó rántí dáadáa. Inú láàbù ló wà lọ́jọ́ náà, ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ó ń kán oúnjẹ sínú abọ́ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi dá àbúrò rẹ̀ lóhùn.

"Ṣé ó wá rọ̀?"

"Kò rọ̀."

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọwọ́ kan ọmú náà. Ó le, kò yẹ̀ nílẹ̀ bó ṣe tẹ̀ ẹ́. Àmúdàtù ló ń wo ojú rẹ̀, tó ń kà á bí ìwé, ẹ̀rín sì kúrò lójú òun náà díẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni?"

Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni èsì jáde: jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní kò tíì kọjá ọmú àti abẹ́ abíyá, wọ́n á fún un ní oògùn alágbára gba inú iṣan kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ọmọ sì gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu ọmú kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀. Àmúdàtù ò sunkún níwájú dókítà. Ìta, lábẹ́ igi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ló ti kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ rí i títí dọjọ́ tí mo wá bá ọ, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àtààbọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àtààbọ̀." Àmúdàtù ló tún un sọ. "Ẹ ń sáré tẹ̀lé ọmọ ilé ọkọ yín. Èmi tí mo pè yín, tí mo ní ibí le, ẹ ní kí n gbé omi kaná."

Rùkáyàt ò wá àwíjàre. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó ní, "Dárí jì mí." Àmúdàtù kẹ̀yìn sí i, ó lọ dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró, wọ́n sì padà sí Sùúrùlérè.

Ní láàbù, ọ̀rọ̀ ìgò kẹrin di wàhálà tirẹ̀. Mujeebah ló fọwọ́ sí ìwé, omi ọmú kì í sì í ṣe tirẹ̀. Dókítà Ọláìtán ní òfin ò gbà kí àwọn tọ́jú ohun tí ẹni tó ni ín ò yọ̀ǹda. Àfi kí Àmúdàtù fọwọ́ sí ìwé fúnra rẹ̀, kí òun sì gbójú fo òfin ẹ̀jẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀kan yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n dà á nù. Inú Rùkáyàt dùn sí dídà á nù. Ó ti gbé ike bílíìṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ tó máa dà á lé wọn lórí. Kò tíì kórìíra ẹ̀dá kankan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ fún Àmúdàtù, Àmúdàtù ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rí wọn.

Ó wá ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fún un ní oògùn àkọ́kọ́. Ó ti já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú láti ọjọ́ Jímọ̀. Ó fi gèlè wé àyà rẹ̀ pinpin, bẹ́ẹ̀ náà ni omi ṣì ń ṣẹ́ jáde sára aṣọ. Rùkáyàt gbé àga fún un, ó tún máíkírósíkópù ṣe fún ojú rẹ̀. Àmúdàtù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Èmi rèé?"

"Kì í ṣe ìwọ. Ohun tó ń bá ọ jà ni."

"Ara mi náà ṣáà ló ti wá." Ó ṣì ń wò ó. "Bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú mi nìyí?"

Rùkáyàt ò lè purọ́ fún un mọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá na ọwọ́ mú ike bílíìṣì, ó ṣí i. Òórùn rẹ̀ ló jẹ́ kí Àmúdàtù gbé orí sókè.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ pa wọ́n. Lójú ẹ báyìí."

"Bí ẹ bá pa wọ́n, ṣé eléyìí tó wà lára mi á kú?"

"Rárá."

Àmúdàtù yíjú sí Dókítà Ọláìtán tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Oògùn tí wọ́n fẹ́ fún mi, ṣé ẹ lè kọ́kọ́ fún àwọn wọ̀nyí, kí ẹ wò ó bóyá á pa wọ́n?"

"A lè dán an wò," ni Dókítà wí. "Bí èyí ò bá pa wọ́n, a lè dán òmíràn wò, ká sì sọ fún dókítà yín ohun tá a bá rí. Mi ò ṣèlérí o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú abọ́ lè má ṣẹlẹ̀ lára. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ pọ̀ ju báyìí lọ, ó gba kí a máa bọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

Àmúdàtù gba ike lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dé e.

"Ẹ gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní pa wọ́n. Ẹ máa bọ́ wọn. Ẹ bọ́ wọn dáadáa kí wọ́n sanra, ẹ má fi ọ̀kan ṣòfò. Ẹ fi wọ́n kọ́ ohun tó ń pa wọ́n."

"Àmúdàtù, mi ò lè ṣe é."

"Ẹ jẹ mí ní gbèsè rẹ̀," ni àbúrò rẹ̀ wí. Ó fọwọ́ síwèé, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ gba oògùn.

Ọjọ́ méjì méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì. Ní ọjọ́ Wẹ́sídè, nígbà tí Àmúdàtù ń bì lọ́wọ́ ní Sùúrùlérè, tí Mujeebah ń di garawa mú fún un, Rùkáyàt wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé ìgò kẹrin jáde. Ó fa oúnjẹ àtijọ́ kúrò lórí wọn. Ó mú oúnjẹ tuntun tó ti mú gbóná níwọ̀n bí ara èèyàn ṣe ń gbóná, ó rọra ń kán an sí wọn, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn, kó má baà ṣe wọ́n léṣe. Ẹnu rẹ̀ ń ṣépè fún wọn. Ó fi ìyá wọn gégùn-ún, ó rántí pé ìyá wọn ni àbúrò òun, ó tọrọ àforíjì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ èpè látòkè. Kò da ẹ̀kán kan nù.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ti sanra sí i.